Àga Onígbàjámọ̀ àti Ẹ́ńjìnì Tó Ń Jẹ Ìtàn: Àyẹ̀wò Ìpín Kan Nínú Eré Doctor Who

Ní ọjọ́ 10, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, BBC gbé ìpín kan jáde nínú Doctor Who, eré àròsọ sáyẹ́ǹsì orí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìpín náà ń jẹ́ The Story & the Engine. Inua Ellams, akéwì àti òǹkọ̀wé eré tí wọ́n bí sí Jos, ló kọ ọ́. Makalla McPherson ló darí rẹ̀. Èkó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, nínú ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan. Àkọsílẹ̀ yìí dá lórí àyẹ̀wò tí àwọn akọ̀tàn, ayàwòrán àti agbohùnsílẹ̀ mélòó kan ṣe sí i ní Ìbàdàn. Àwọn náà fẹ́ ya eré àròsọ sáyẹ́ǹsì kan nínú yàrá kan ṣoṣo, nínú ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá, wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tó gbé eré yẹn ró àti ibi tó ti mẹ́hẹ kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀ kan.

Kò sí ìdí láti fi ojú ẹrú wo iṣẹ́ àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959 ni WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn níbí. Ọjọ́ 23, oṣù Kọkànlá, ọdún 1963 ni Doctor Who ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn fi ọdún mẹ́rin ju eré náà lọ, ẹ̀gbọ́n ni.

Bí wọ́n ṣe wò ó nìyí. Wọ́n kọ́kọ́ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdá a dúró, láìkọ ohunkóhun sílẹ̀, nítorí pé ohun tó bá wọ olùwòran lára nígbà àkọ́kọ́ kò ṣeé rí padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ìlà mẹ́rin sórí ìwé: ìṣẹ́jú wo ni, ta ló ń fẹ́ kí ni, kí ló yí padà, kí ni wọ́n fi lélẹ̀ fún ọ̀la. Ìran tí ìlà kẹta rẹ̀ bá ṣófo, a jẹ́ pé ìran ọ̀rọ̀ lásán ni. Níkẹyìn wọ́n yí ojú tẹlifíṣọ̀n sí ògiri, wọ́n fi etí nìkan gbọ́ ọ. Ẹ gbìyànjú èyí wò, ó máa ń tú àṣírí eré tó ń fara pa mọ́ sẹ́yìn àwòrán ẹlẹ́wà. Ìdajì nínú àwọn tó jókòó ti mọ Doctor Who tipẹ́, ìdajì kò wò ó rí. A ó rí i níwájú pé ìyẹn ṣe pàtàkì.

Ìtàn náà lọ báyìí. Dókítà, tí Ncuti Gatwa ọmọ bíbí Rwanda ṣe, ń fi ọkọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ TARDIS rin inú ìgbà àti inú òfurufú. Bí ó bá fẹ́ kú, ara tuntun ló máa ń gbà, òṣèré mìíràn á sì máa ṣe é. Nọ́ọ̀sì kan, Belinda Chandra, tí Varada Sethu ṣe, ló ń bá a rìn. Wọ́n yà sí Èkó. Belinda dúró nínú ọkọ̀, Dókítà sì gba inú ọjà lọ sí ìsọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Omo, níbi tó ti máa ń jókòó láàárín àwọn èèyàn dúdú bíi tirẹ̀, tí ara ti máa ń tù ú. Ó dé ibẹ̀, ó bá Omo àti àwọn ọkùnrin mìíràn ní àhámọ́. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Onígbàjámọ̀, tí Ariyon Bakare ṣe, ti gba ìsọ̀ náà. Ẹni tó bá kàn yóò jókòó sórí àga, wọn yóò máa gẹ irun rẹ̀, yóò sì máa pa ìtàn. Ìtàn náà yóò yọ sójú fèrèsé bí àwòrán tó ń rìn. Agbára tó bá tinú rẹ̀ jáde ni ẹ́ńjìnì ń jẹ. Ibi tí wọ́n sì rò pé ó jẹ́ ìsọ̀ lásán, ẹ̀yìn aláǹtakùn ńlá kan ló wà, tó ń rìn lórí okùn àwọ̀n nínú òfurufú. Bí irun bá ti tán lórí ẹnì kan, kíá ni yóò hù padà.

Ohun tó kọ́kọ́ dúró gbọnyin ni òfin àga yìí. Eré tó bá ní ẹ̀rọ nínú gbọ́dọ̀ jẹ́ kí olùwòran mọ ohun mẹ́ta láìpẹ́: kí ni ẹ̀rọ ń jẹ, kí ni ó ń ṣe, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí oúnjẹ rẹ̀ bá tán. Eré yìí dáhùn gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ojú rí. Ìtàn wọlé, ẹ́ńjìnì rìn. Ìtàn dáwọ́ dúró, ilé mì. Kò sí ẹni tó nílò kí ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá dúró kí ó máa ṣàlàyé. Nígbà tí wọ́n yí tẹlifíṣọ̀n sí ògiri pàápàá, àwọn tí kò wo eré náà rí ṣì mọ ìgbà tí ewu dé, nítorí pé ohùn ilé náà ń sọ fún wọn.

Ìsọ̀ onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ kò ṣe àfipá. Ellams ti kọ eré orí ìtàgé kan tẹ́lẹ̀, Barber Shop Chronicles, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní National Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2017, tó ń rìn láàárín ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Èkó, Àkrà, Kampala, Johannesburg àti Harare. Ó mọ bí ọkùnrin ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí abẹ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó jókòó sórí àga kò lè yí orí, pé inú dígí ló ti ń wo ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, pé ẹni tó di abẹ mú ló láṣẹ títí tí wọn yóò fi gbọn aṣọ ọrùn dànù. Gbogbo agbára tó wà láàárín Onígbàjámọ̀ àti àwọn tó há mọ́, ibi tí ara wà ló ti wá. Òǹkọ̀wé tí kò mọ ibẹ̀ ìbá ti fi ìbọn sọ́wọ́ ẹnì kan.

Èyí tó tún dára jù ni irun tó ń hù padà. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, àwàdà kékeré ni, tàbí ìyà kékeré: ẹ ò ní lọ sílé láéláé, irun yín kò ní tán. Olùwòran rẹ́rìn-ín, ó gbàgbé. Ìgbà tó di pé Dókítà fẹ́ dé àárín ẹ́ńjìnì, tí ọ̀nà ibẹ̀ sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, Abena, obìnrin tó ń bá Onígbàjámọ̀ ṣiṣẹ́, di irun sórí Dókítà, ó sì fi ojú irun náà ya ọ̀nà fún un. Ohun tí wọ́n ti rò pé ìyà ni ló wá di ìtúsílẹ̀. Nínú ìwé ìlà mẹ́rin, kò sí ibi tí ìlà kẹrin ti kún bí ibí yìí.

Ìtàn tí Abena gbé e lé, ti àwọn obìnrin ẹrú tí wọ́n fi irun dídì pa ọ̀nà àsálà mọ́, ìtàn àtẹnudẹ́nu ni. Ní pàtàkì, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Palenque ní orílẹ̀-èdè Colombia ló ń pa á fún ọmọ wọn. Eré náà jẹ́ kí obìnrin sọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú irun. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Ẹ fi wé ibi gbogbo tí ẹnì kan ti dìde dúró nínú eré yìí láti sọ bí ìtàn ṣe lágbára tó. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó tó ìran irun náà.

Ohun tí àkọsílẹ̀ yìí fẹ́ sọ nìyẹn gan-an: níbi tí ìtàn ti jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ nínú eré yìí, ó dúró, níbi tó ti di ìwàásù nípa ìtàn, ó yẹ̀.

Ẹ wo ìtàn nọ́ọ̀sì. Nígbà tó kan Dókítà láti pa ìtàn, kò pa ti ogun tàbí ti ọba. Ó pa ti Belinda níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù. Agbára tó jáde nínú rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ya Onígbàjámọ̀ lẹ́nu. Ìran yẹn fi hàn wá, kò wàásù fún wa, pé ìtàn èèyàn lásán lè ju ti àwọn òrìṣà lọ. Ó sì tún mú iṣẹ́ mìíràn ṣe: Belinda kò sí nínú ìsọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ìtàn náà ti mú un wá síwájú wa kí ó tó wọlé.

Ìbínú Dókítà sí Omo náà dáa. Omo ló mú kí Onígbàjámọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀, ó rò pé òun ń wá olùgbàlà. Lójú Dókítà, ọ̀rẹ́ ló ta òun. Ibi kan ṣoṣo tó ń lọ sinmi ni wọ́n dẹ pańpẹ́ sí. Gatwa kò pariwo jù níbẹ̀, ó sì wọni lára ju àwọn ibi tó ti ń sunkún lọ. (Dókítà yìí máa ń sunkún púpọ̀. Àwọn kan nínú àwọn tó jókòó fẹ́ràn rẹ̀, àwọn kan ní ó ti ń di omi tútù.)

Ó wá ku ibi tó ti yẹ̀.

Ní àárín eré, Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ: òun ni Anansi, aláǹtakùn inú àlọ́, òun ni Loki òrìṣà àwọn Norse, òun ni Dionysus ti Gíríìsì, òun ni Bastet ti Íjíbítì. Dókítà àti Belinda bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn, ó já ìgbéraga ọkùnrin náà palẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn ẹ̀rín ló wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé: kì í ṣe òrìṣà, èèyàn ni, òun ló ń gbé ìtàn àwọn òrìṣà kiri, òun ló hun àwọ̀n tí ìtàn ń gbà kọjá, wọ́n sì jẹ iṣẹ́ rẹ̀ tán, wọ́n já a sílẹ̀. Ó wá fẹ́ lọ sí àárín àwọ̀n náà láti gé àwọn òrìṣà kúrò nínú ìrántí èèyàn. Ẹ̀dùn ọkàn tó dára ni. Òṣìṣẹ́ tí wọn kò dárúkọ rẹ̀ ni, gbogbo ẹni tó ti kọ eré fún ẹlòmíràn rí ní Ìbàdàn yóò mọ irú ẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ló fi sọ gbogbo rẹ̀. Kò sí òrìṣà kan tí a rí tó fi ìyà jẹ ẹ́. Òun tó ti fi àga fìyà jẹ àwọn ẹlòmíràn, àga yẹn gan-an ló yẹ kó jókòó sí. Bí Omo bá gba kílípà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní, "Ó kàn ọ́, ìwọ náà pa tìrẹ," tí ìtàn rẹ̀ sì yọ sójú fèrèsé bí ti àwọn yòókù, òfin eré náà ìbá ti ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè ṣe. Ó ya àwọn tó ń wò ó lẹ́nu pé wọ́n ní irinṣẹ́ lọ́wọ́, wọn kò sì lò ó síbi tó ti wúlò jù.

Ẹ tún wo orúkọ tó kà sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ní Èkó ni. Abẹ wà níbẹ̀, kílípà wà níbẹ̀, irin ni gbogbo rẹ̀. Ògún kò sí níbẹ̀. Ìjálá àwọn ọdẹ ka onígbàjámọ̀ mọ́ àwọn tó ń jẹ lábẹ́ Ògún, pẹ̀lú alágbẹ̀dẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà àti olóòlà. Ẹni tó bá gbé abẹ sókè ní ilẹ̀ yìí láti pa òrìṣà run, abẹ òrìṣà kan ló gbé. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ì bá ti fún eré náà ní ẹ̀gún tí Loki kò lè fún un. A kò sọ pé gbogbo eré tó bá ti dé Èkó gbọ́dọ̀ dárúkọ òrìṣà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ka orúkọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé tí ẹ wà.

Anansi jẹ́ ti àwọn Akan ní Gánà. Abena, orúkọ Akan ni, ti ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ Anansi sì ni eré pè é. Gánà àti Èkó kò jìnnà síra, kò sì sí ohun tó burú nínú kí ọmọ Akan wà ní Èkó. Àléébù rẹ̀ wà níbòmíràn: gbèsè tó wà láàárín òun àti Dókítà dé lójijì. A ṣàdédé gbọ́ pé tẹ́tẹ́ kan wáyé láàárín Dókítà àti bàbá rẹ̀ láyé àtijọ́, pé Dókítà fi í sílẹ̀ lọ. Bí a ti ń gbìyànjú láti gbé e mì, ojú òṣèrébìnrin Jo Martin yọ, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó lọ. Àwọn tó mọ eré náà pariwo, nítorí pé láti oṣù Kìíní ọdún 2020 ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí Dókítà mìíràn, èyí tí ìrántí rẹ̀ ti sọnù. Àwọn tí kò wo eré náà rí bi ara wọn pé, "Ta nìyẹn?" Wọ́n padà sínú ìtàn lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ pàtàkì ti kọjá. Ìbéèrè wọn ni wọ́n fi gba ẹjọ́ náà dájọ́: ohun tó bá dùn mọ́ olùwòran àtijọ́ nìkan, tó sì já ti tuntun sílẹ̀ ní àárín ọ̀nà, kò yẹ kó wà níbi tí ìtàn ti ń yí kọ́nà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó. Ohun kékeré mẹ́ta tó. Kí Abena má ṣe wo ojú Dókítà nígbà tó kọ́kọ́ wọlé, kí ó gbé omi fún gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀, kí ó fo Dókítà. Kí Dókítà béèrè bóyá wọ́n ti pàdé rí, kí Abena má fèsì. Kí ó sì fi ìtàn ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ fi ta tẹ́tẹ́ bọ ẹ́ńjìnì, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí òótọ́ bá wá jáde, olùwòran yóò ti mọ̀ ọ́n tán nínú ara rẹ̀.

Ìparí ẹ́ńjìnì náà pín àwọn olùwòran sí méjì. Dókítà so ara rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì, ó fi ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pa ìtàn ara rẹ̀: wọ́n bí i, ó kú, wọ́n tún bí i. Ìtàn tí kò lópin, ẹ́ńjìnì kò lè jẹ ẹ́ tán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ní ti òfin ẹ̀rọ, ó péye: ẹ̀rọ tó ń jẹ ìtàn, ìtàn tí kò lópin ni yóò pa á. Ní ti ojú, ojú àwọn Dókítà àtijọ́ tó ń kọjá lọ wéréwéré ni wọ́n fi gbé e, ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n rí, àwòrán àwọn òyìnbó tó ń sáré kọjá ló rí. Ìtàn ọ̀rọ̀ mẹ́fà náà tó láti dá dúró.

Lẹ́yìn èyí ni Onígbàjámọ̀ ṣílẹ̀kùn, tí gbogbo wọn jáde, tí Omo sì fi ìsọ̀ náà lé e lọ́wọ́. Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti gbóná jù, kò sì parí. Àwọn kan ní ìdáríjì ni, ó bá ìwà àgbà mu. Àwọn kan ní àwọn ọkùnrin tó há mọ́ kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀, pé ta ló bi wọ́n léèrè. Bí ẹnì kan bá há ọ mọ́lé, tó fi ìtàn rẹ wa ọkọ̀, kí ó tó di onílé, ó yẹ kí ẹ jókòó sọ ọ́. Àgbà tí kò bá jẹ́ kí wọ́n rojọ́ tán kí ó tó dájọ́, ẹjọ́ yẹn yóò padà wá bá a. Eré náà sáré kọjá ibẹ̀ nítorí pé ìṣẹ́jú ti ń tán, ó sì hàn. Òfin ìlẹ̀kùn náà kò dán bí ti àga: láti ìta, Èkó ni; láti inú, òfurufú. Ìgbà wo ni ó ń jẹ́ èwo, olùwòran kàn ní láti gbà á bẹ́ẹ̀ ni.

Àléébù kan tó kù, ó jẹ́ èyí tí ó ṣeé ṣe kí ará Ìbàdàn kọ́kọ́ rí. Ẹni tó bá ti gbọ́ àlọ́ nínú agboolé mọ̀ pé apàlọ́ kì í dá pa á. Ó ní "Àlọ́ o," wọ́n dá a lóhùn pé "Àlọ̀." Bó bá dé ibi orin, ègbè gbọ́dọ̀ gbà á, bí ègbè bá tutù, apàlọ́ yóò dákẹ́, á ní ẹ ti sùn. Nínú ìsọ̀ Omo, ẹnì kan ń pa ìtàn, ẹ̀rọ ń jẹ, àwọn yòókù ń wòran. Ẹnu ẹni tó ń sọ ọ́ nìkan ni agbára ti ń wá. Àwọn akọ̀tàn tó ń múra láti ya tiwọn ní Mọ́kọ́lá yí èyí padà: ẹ́ńjìnì tiwọn, ègbè ló ń jẹ. Bí àwọn tó ń gbọ́ bá ti sú, iná inú ìsọ̀ yóò máa wálẹ̀. Ó fún gbogbo òṣèré ní iṣẹ́ nínú gbogbo ìran, kò sì sí ẹni tí yóò jókòó bí ère lẹ́yìn. Ó tún jẹ́ kí ọ̀tá ní ìṣòro gidi, nítorí pé abẹ lè mú èèyàn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú un gba orin.

Ọ̀rọ̀ ibi tí wọn yóò ti ya tiwọn ní Mọ́kọ́lá wá kù, ìmọ̀ràn fún wọn sì nìyí. Ìsọ̀ náà fẹ̀ ní mítà 3, ó gùn ní mítà 4, dígí wà ní ògiri méjèèjì. Dígí tó bá kọjú síra yóò máa bí kámẹ́rà sí ara wọn láìlópin. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò, tàbí kí ẹ fi páálí tí ẹ ká sẹ́yìn orí èyí tó kù, kí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ìwọ̀n díkírì 3 sí 5, kámẹ́rà yóò sì kúrò nínú rẹ̀. Ẹ má lo lẹ́ǹsì tó fẹ̀ ju 24mm lọ, imú òṣèré yóò gùn bí ẹni pé ó ń bọ̀ wá bá yín.

Kílípà ni ọ̀tá agbohùnsílẹ̀. Ariwo rẹ̀ wà ní etí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gan-an, kò sì sí bí ẹ ṣe máa yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn náà tí ohùn kò ní dà bí ti inú agolo. Èyí tí kò ní iná nínú ni kí ẹ lò nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tan èyí tó ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé máìkì sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí i, ẹ gba ohùn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí olóòtú fi sí i bó bá ṣe fẹ́. Ẹ tún gba ìdákẹ́jẹ́ ìsọ̀ náà fún ìṣẹ́jú kan, kí gbogbo èèyàn dúró bí wọ́n ṣe wà.

Jẹnẹrétọ̀ tiyín kọ́ ni ìṣòro, ti aládùúgbò ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ kùtù kí àwọn ìsọ̀ tó ṣí. Ní ti iná, pánẹ́ẹ̀lì LED méjì tó jẹ́ wáàtì 60 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó kù, kò ní ju wáàtì 200 lọ. Bátìrì 12V tó jẹ́ 200Ah ní wáàtì-wákàtí 2,400 nínú. Bí ẹ bá lo ìdajì rẹ̀ kí ó má bàa bàjẹ́, tí ẹ sì yọ ohun tí ínfátà máa ń jẹ kúrò, ó kù nǹkan bíi 1,000. Wákàtí 5 nìyẹn. Ẹ má ṣe ètò bíi pé wákàtí 8 ni.

Irun ló ń pinnu ètò iṣẹ́ gbogbo. Irun orí kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lé díẹ̀ lọ lóṣù, nítorí náà ẹ ya gbogbo ìran tí irun ti pọ̀ kí abẹ tó kan orí ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìparí ìtàn ni ìran náà wà. Ní ti irun tó ń hù padà, ẹ gbé kámẹ́rà lé orí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi téèpù sàmì sí ẹsẹ̀ àga, kí òṣèré máa wo ojú kan náà. Ẹ ya gígẹ̀ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, kí olóòtú dá a sẹ́yìn: irun tó ń já bọ́ yóò máa gòkè padà sórí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ẹnu yóò tú àṣírí. Kí ẹ kó irun tí ẹ gẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ ó nílò rẹ̀ láti fi wọ́n aṣọ ọrùn nígbà tí ẹ bá padà sí ìran tó ṣáájú.

Onídìrí kan láti Agbówó ni wọ́n pè wá wo ìran irun, nítorí pé wọ́n fẹ́ fi ojú ọ̀nà Ìbàdàn sórí òṣèré wọn, láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀ dé Òkè-Pádí. Wọ́n ti yà á sórí ìwé, àwọn ìlà sì gba orí ara wọn kọjá bí oríta. Ó wo ìwé náà, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, irun kì í gun orí irun. Ẹ jẹ́ kí ó yà tàbí kí ó pàdé." Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, oríta ńkọ́?" Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ìlà mẹ́ta wọ ojú kan bíi ti ṣùkú, ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni oríta. Ó ní ọkùnrin tí irun rẹ̀ kò bá tíì tó sẹ̀ǹtímítà 5, irun kò ní dì mọ́ ọn lórí, kí wọ́n sì má ju ìlà mẹ́jọ lọ, nítorí pé kámẹ́rà kò ní rí èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Nǹkan bíi wákàtí kan ni yóò gbà. Bí iṣẹ́ bá di ọjọ́ kejì, kí òṣèré fi nẹ́ẹ̀tì sùn, kí ó má sì ṣe fọwọ́ kàn án. Ó ní kí wọ́n san owó ìdirun òun ọ̀tọ̀, owó ìmọ̀ràn òun ọ̀tọ̀.